Àwọ̀ Kẹrin Lábẹ́ Ìjókòó

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Okokomaiko kì í ṣe ọ̀pọ̀ mọ́tò, kì í sì í ṣe ariwo. Ọ̀dà ni. Àbàtà kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń ju agolo ọ̀dà sí. Mo rí agolo tí ọ̀dà ṣì kún dé ìdajì rẹ̀, tí wọ́n sọ nù kìkì nítorí pé ìdérí rẹ̀ ti sọnù. Omi àbàtà náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta, pupa, búlúù àti àwọ̀ ìyeyè, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Kétu ìlú wa, lẹ́yìn ààlà Nàìjíríà, irú agolo kan báyìí ni a fi kun gbogbo fèrèsé ilé ìwé wa, olùkọ́ sì tún fi kẹrosíìnì ṣan inú agolo náà kí ó lè rí èyí tí yóò fi kun àga tirẹ̀. Mo dúró létí àbàtà yẹn pẹ́. Mo rò ó pé níbi tí wọ́n bá ti lè sọ irú nǹkan báyìí nù, kò sí ohun tí wọn kò lè sọ nù. N kò mọ̀ pé èmi náà yóò sọ nǹkan nù níbẹ̀, nǹkan tí kì í ṣe tèmi.

Àsìkò náà ni owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ orúkọ Dàhòmì sílẹ̀ ni. Wọ́n ń fẹ títì Bàdágírì, iyanrìn ń fò láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìbà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù tó bẹ́ẹ̀ tí a fi máa ń da omi sílẹ̀ yí mọ́tò ká kí a tó fín in. Ọ̀gá mi, Ráṣídì, jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn. Ó ń ra mọ́tò ológun tí wọ́n ti pa tì, ó ń tún wọn ṣe, ó ń tà wọ́n fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń kó iyanrìn. Ó máa ń sọ pé ogun ti parí, irin ni kò tí ì gbọ́.

Yorùbá ni mo ń sọ láti kékeré, síbẹ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu, gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Mo pe lọ́rì ní kamiyọ́ọ̀nù, mo pe pẹ́ńtì ní pẹntúrù. Ọ̀gá ní, "Ègùn ti dé o." Mo ní Ègùn kọ́ ni mí, ọmọ Kétu ni mí. Ó ní kò burú, Ègùn Kétu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo pàdé Ègùn gidi, obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọ̀jọ́. Inú mi dùn, mo fi èdè Ègùn kí i bí wọ́n ti ń kíra ní Àjàṣẹ́. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ànàgó," orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá lọ́hùn-ún, "ẹja mélòó?"

Ìbà ni mo ń sùn, àwa mẹ́fà nínú yàrá kan. Àwọn márùn-ún yòókù ní ibi tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ Àìkú. Èmi a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo bí ara ògiri ṣe ń yí àwọ̀ padà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bóyá ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ a máa rí nǹkan púpọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n tún ń fi ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ti ń fi tèmi ṣe ni Ifeanyi, wẹ́dà wa, ọmọ Ìbò. Kọ̀tọ̀nú ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò fẹsẹ̀ tẹ Kọ̀tọ̀nú rí láyé mi. Tí oúnjẹ ọ̀sán bá dé, á fi òòlù lu irin lẹ́ẹ̀mejì. "Kọ̀tọ̀nú, wá jẹ gàrí. Àbí búrẹ́dì gígùn yẹn nìkan ni ọ̀fun yín mọ̀?" Èmi náà á ní kí ó kọ́kọ́ pe gàrí dáadáa ná. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní àwọ̀ pípò. Pépà ni wọ́n fún mi, pé kí n máa fi họ ara mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń họ ni mò ń kíyè sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìdérí agolo, mo ń fi àwọ̀ kan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ iye ṣíbí tí mo fi po ó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí i pé àwọ̀ ewé ológun yẹn, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú gíríìnì yóò wá a títí. Dúdú àti yẹ́lò tó jọ amọ̀ ló ń bí i. Da dúdú sínú irú yẹ́lò bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ewé á yọ lójú rẹ, bẹ́ẹ̀ o kò fi gíríìnì kankan sí i. Tó bá wá ń dán jù, ẹ̀kán pupa méjì, ojú rẹ̀ á rọ̀. Ọ̀dà tútù máa ń tàn ju èyí tó gbẹ lọ, nítorí náà má ṣe dá a lẹ́jọ́ nínú agolo. Má sì ṣe wò ó lábẹ́ tapólì, nítorí tapólì ní àwọ̀ tirẹ̀ tó ń yá ohun gbogbo. Gbé e síta láàárọ̀, kí oòrùn tó mú.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni wíwá àwọ̀ àkọ́kọ́. Oòrùn ti jẹ èyí tó wà níta, irọ́ ni. Lọ sí abẹ́ wáṣà. Tí o bá tú bóòtù tí ẹnikẹ́ni kò tú rí, o óò rí òrùka kékeré kan lábẹ́ wáṣà rẹ̀ tí oòrùn kò fojú kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe mọ́tò náà. Ìyẹn pàápàá kò tí ì jẹ́ òtítọ́ tán, nítorí ọ̀dà tó bá pẹ́ nínú òkùnkùn a máa pọ́n bí eyín arúgbó. Mo máa ń gé irin náà, màá gbé e sórí páànù fún ọjọ́ mẹ́ta kí oòrùn lè fọ pípọ́n yẹn kúrò. Lẹ́yìn náà ni màá tó gbà á gbọ́.

Mo sọ èyí fún bàbá mi lórí tẹlifóònù. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Àpápá ni mo ti pè, wọ́n ti ránṣẹ́ sí i ṣáájú pé kí ó dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu. Bàbá mi ló ń kun àwọn igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àdúgbò wa, ère olójú tí wọ́n ń gbé sórí jó. Lọ́dọọdún, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó àwọn igi náà wá fún un, á fi ẹfun tẹ́ ẹ ná, á sì fi àwọ̀ tuntun lé e. Kò jẹ́ fi ọ̀bẹ kan ọ̀dà àtijọ́. Ó máa ń sọ pé a kì í họ ojú àgbà. Igi kan wà tí ọ̀dà ojú rẹ̀ nípọn ju èèpo ìrókò lọ, ọwọ́ bàbá mi, ọwọ́ bàbá tó bí i, ọwọ́ àwọn tí n kò mọ orúkọ wọn, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì.

Ó bi mí pé ṣé a máa ń họ àwọn mọ́tò náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, irin ni wọ́n, wọn kì í ṣe igi. Mo ń gbọ́ nǹkan tó dún bí òjò nínú wáyà. Ó ní, "Irin náà lójú." Wáyà já.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì mi ni Méjọ̀ ológun kan gbé lándirófà wá. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní mọ́tò náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun. Ó ní àwọn ọmọ ogun Biafra gbà á lọ́wọ́ àwọn, wọ́n fi jagun, àwọn sì tún rí i gbà padà nígbà tí ogun ń parí lọ. Ó ti wá rà á fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó rí bí ọjọ́ tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé òun lọ́wọ́, kí a bá òun bọ́ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni fi kùn ún lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ní ìdérí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ nílé, èyí tí wọn kò kùn rí láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Kò ní fi sílẹ̀ fún wa. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni yóò gbé e wá, tí yóò fi ti ara mọ́tò. Tí ojú bá lè mọ ìyàtọ̀, òun kò gbà á.

Ọ̀gá Ráṣídì wò mí. Ó ní tí mo bá rí àwọ̀ náà mú, mo kúrò nídìí pépà, mo di pẹ́ńtà. Tí n kò bá rí i mú, kí n palẹ̀ kamiyọ́ọ̀nù mi mọ́, kí n máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ yẹn, Ifeanyi kò lu irin fún oúnjẹ ọ̀sán. Ó ń rìn yí lándirófà náà ká. Nígbà tó yá, ó fà mí sẹ́yìn kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ó sì sọ ohun tí kò sọ rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wa irú mọ́tò yìí nínú ogun, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Wọ́n fi ọ̀dà ilé, àwọ̀ ewé, kùn ún, wọn kò rí búrọ́ọ̀ṣì, ìgbálẹ̀ ni wọ́n lò. Ìyá wọn ki ọwọ́ bọ ọ̀dà funfun, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ara irin níbi tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí, kí ọwọ́ òun lè máa gbé e. Ẹ̀gbọ́n náà kò padà. Ìyá náà kò sì gbà kí wọ́n ṣe òkú rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ ibi tó ṣubú sí.

Ó ní, "Méjọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti rí mọ́tò yìí gbà. Tó bá jẹ́ òun ni, màá bi í. Ìyá mi á sinmi."

Mo ní lándirófà pọ̀, báwo ni yóò ṣe dá ọwọ́ ìyá rẹ̀ mọ̀? Ó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sókè, ó sì fi ọwọ́ kejì ṣe bí ẹni gé e ní oríkèé. Àdá ti gé ìka yẹn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nídìí ọ̀pẹ. Ọwọ́ ọ̀tún, ìka ìfábẹ̀lá kò ju oríkèé kan lọ.

A gbé tìmùtìmù ìjókòó kúrò. Ọ̀dà ológun tuntun ló wà lórí irin náà, ó gbẹ, kò sí nǹkan tó hàn. Ifeanyi fi àtẹ́lẹwọ́ pa á títí. Ó ní, "Kọ̀tọ̀nú, tí o bá họ ọ́ kan àwọ̀ ewé onígbálẹ̀ yẹn, dúró. Pè mí. Tọ́ọ̀?" Mo ní tọ́ọ̀.

Òrùka abẹ́ wáṣà tí mo rí lára lándirófà náà kéré jù, ìpata sì ti jẹ ẹ́. Mo po ìdérí mẹ́tàdínlógún, n kò fọkàn tán ọ̀kankan nínú wọn. Mo nílò ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ibi tí oòrùn kò dé. Abẹ́ ìjókòó nìkan ló kù.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Ifeanyi lọ gba gáàsì ní Òrílé. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ yẹn dára, kùrukùru díẹ̀ wà lójú oòrùn, ó rọ̀ bí ìgbà tí a bá fi aṣọ funfun bo fèrèsé. Mo sọ fún ara mi pé èmi yóò kàn họ àwọ̀ òkè nìkan, màá sì dúró de Ifeanyi. Mo ki pépà bọ omi ọṣẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́ ní róbótó. Àwọ̀ ológun fò. Funfun yọ.

Kí ẹni tó ń ka èyí gbọ́ mi yé. Gbogbo ìgbà tí mo jẹ́ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, n kò rí àwọ̀ tí kò ní ẹfun lábẹ́. Funfun ni a ń tẹ́, kí àwọ̀ tó jókòó lé e. Lójú tèmi, funfun yìí ni ẹfun àwọ̀ òkè. Mo rò pé kò tí ì kan ohun tí Ifeanyi ń wá. Mo tẹ ọwọ́ mọ́ pépà. Omi funfun ń ṣàn bọ́ sí ẹsẹ̀ mi, mò ń súfèé. Àwọ̀ ewé kan yọ, tínínrín, ó ti fò kí n tó mọ̀ pé òun ni. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọ̀ kẹrin wà, àwọ̀ àkọ́kọ́, ó jinlẹ̀, ó tutù, bí ewé kókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Lọ́dún méjì gbogbo, n kò rí èyí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti ṣèlérí. Mo sọ ọ́ di fífẹ̀.

Ìgbà tí mo fi aṣọ nu ún ni mo rí etí rẹ̀. Etí funfun náà kò tọ́ bí etí ẹfun. Ó yípo ní apá òsì, ó nípọn, àtàǹpàkò ni. Nísàlẹ̀, ìdí àtẹ́lẹwọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà tó là á kọjá. Ní apá ọ̀tún, ìka kékeré wà. Láàárín wọn, níbi tí ìka mẹ́ta yẹ kí ó wà, àwọ̀ kẹrin ń dán.

Mo wá inú omi ọṣẹ. Mo wá ara pépà. Ẹ má bi mí pé kí ni mò ń wá.

Ifeanyi dé, ó gbé sílíńdà gáàsì kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, ó kàn rí bí mo ṣe dúró. Ó wọ inú lándirófà náà, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ohun tó kù. Àtàǹpàkò rẹ̀ bá àtàǹpàkò náà mu. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ènìyàn mélòó ni kò ní bá a mu?

Ó ní, "Ìka ìfábẹ̀lá ńkọ́? Ṣé ó kúrú?"

Mo ní n kò rí i.

"O ò rí i. Ìwọ." Kò pariwo. "Ìwọ tí ò ń rí ẹ̀kán pupa méjì nínú odidi gálọ́ọ̀nù."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ̀rọ̀ ẹfun fún un, mo sọ̀rọ̀ bàbá mi. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ìyá tẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò nígbà yẹn. Ó ní òun kò lè lọ bá ológun bi í léèrè ibi tí arákùnrin òun kú sí, nítorí ìdajì ọwọ́ tó lè jẹ́ ti ìyá ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá lọ ṣe òkú ẹ̀gbọ́n òun níbi tí ọmọ ẹlòmíràn ṣubú sí, ìyá òun á mọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀.

"Má họ èyí tó kù," ló wí. "Kùn ún bẹ́ẹ̀."

Ara ibi tí mo ti ba nǹkan jẹ́ yẹn ni mo ti mú àwọ̀ náà. N kò ní ibòmíràn; mo ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta ná. Dúdú mẹ́rin, yẹ́lò mọ́kànlá, pupa ẹ̀kán méjì, funfun ìdajì ṣíbí. Ìdérí kejìdínlógún ni. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, n kò lè fi ojú ya wọ́n. Ó yẹ kí n fò sókè. Mo lọ jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ.

Ọ̀gá ní kí n họ gbogbo abẹ́ ìjókòó kí ó dán. Mo ní ó ti dán. Mo fín àwọ̀ kẹrin lé ohun tó kù náà láìfi pépà kàn án mọ́, ìlà ọwọ́ sì wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun, ó ga ju irin lọ bí okùn òwú.

Méjọ̀ dé pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ nínú aṣọ. Ó fi ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ti ilẹ̀kùn, ó gbé e lọ sí òjìji, ó gbé e wá sí oòrùn. Ó wá ní ta ni ó po èyí. Ọ̀gá Ráṣídì gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ní ọmọ òun ni, ọmọ Kétu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí kò pè mí ní Ègùn nìyẹn.

Méjọ̀ ṣí tìmùtìmù ìjókòó. Ó fi ọwọ́ pa irin, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

"Kí lèyí?"

Ifeanyi wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú wẹ́dà lójú, iná kò sì sí lẹ́nu irin ọwọ́ rẹ̀. Mo ní ara irin ni sà, bí a bá họ ọ́ síwájú sí i, a óò lu ihò. Méjọ̀ tún fi ìka tọ ìlà náà díẹ̀. Ó ní kò burú, ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ó bọ́ sídìí ọwọ́ ìdarí mọ́tò náà. Mo rí i tí Ifeanyi ká ìbòjú sókè, tí ẹnu rẹ̀ là. Mo rò pé yóò bi í. Lándirófà náà yí padà sí títì, Ifeanyi sì rọra fa ìbòjú náà bo ojú padà.

Oṣù náà kò tí ì parí tí Ifeanyi fi ṣí lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ́nà Navy Town. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ kí ó tó lọ. Ó ní, "Kọ̀tọ̀nú, o mọ iṣẹ́." N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà.

Mo di pẹ́ńtà. Mo gba yàrá tèmi nìkan ní Ìbà. Mo tún pe bàbá mi ní Àpápá, mo sọ fún un pé mo rí àwọ̀ kan mú tí ológun kò lè fi ojú yà. Ó yọ̀, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀, ó ní kí n máa bá a lọ. Lẹ́yìn náà ló bi mí.

"Ṣé o họ ojú rẹ̀?"

Òjò inú wáyà ń rọ̀. Mo wo ọwọ́ mi tó di tẹlifóònù mú. Àwọ̀ kẹrin ṣì wà lábẹ́ èékánná mi, gẹ́lẹ́ bí ó ti yẹ kí ó rí.

Mo ní, "Rárá, bàbá."

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi."